Ìyábọ̀, Má Tíì Ra Àwọn Ajá Inú Gíláàsì Yẹn

Titirou, Parakou,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ìyábọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí, nítorí ó gùn. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, o máa ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà nínú àpò gbogbo èèyàn. Fóònù náà ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn mi sílẹ̀ fún ọ lórí Wátsáàpù, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ìka mi yọ̀ kúrò kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ni mo bá wá bébà. Ìyá Ràímì, aládùúgbò wa tó ń lọ ra ọjà ní Kútọnu, ni yóò mú un wá fún ọ. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fún un lómi àti oúnjẹ, kí wọ́n má baà sọ ní Titirou pé n kò kọ́ ọ nílé.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun tí o rí. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́, àwọn tí kò tiẹ̀ béèrè náà ti gbọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ọ̀nà Banikanni pé ọmọ mi ti ń jókòó ní bùrò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì bá mi rán bàtà mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́run tó fún ọ níṣẹ́ náà yóò fún ọ ní ìlera tí o máa fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́, ìyá mi. Ó ti dákẹ́ láti ìgbà tí màmá rẹ ti jáde láyé. Nígbà tí ìwọ náà wá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo rí i pé ìdákẹ́jẹ́ tún ní àbúrò. Òjò ti lọ báyìí, ọyẹ́ ti dé, ojú mi kò sì tíì kàn ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá o fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi: ọmọ ajá méjì, funfun bí òwú, nínú àpótí gíláàsì ní bútíìkì kan tí wọ́n ti ń ta ẹranko ní Kútọnu. O fi ohùn tẹ̀lé e. O ní, "Pàpá, ẹ wò wọ́n. Tóṣù bá parí, n óò ra méjèèjì. Ọ̀kan fún mi, nítorí ilé mi ti dákẹ́ jù. Ọ̀kan fún yín, kí ẹ má baà máa dá wà." Mo gbọ́ ohùn yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. N kò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀, ohùn rẹ ni.

Má tíì rà wọ́n, Ìyábọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù parí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú kọ̀wé. Ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe é rí. Màmá rẹ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, òun náà sì ti gbé e lọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n bá ọ wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ìyá mi, ẹni tí a tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyábọ̀, ń gbé nínú ilé yìí, òun nìkan, nítorí bàbá mi ti kú. Iṣẹ́ igbá ló ń ṣe. Ẹni tí igbá rẹ̀ bá là yóò gbé e wá, ìyá mi yóò fi irin gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò fi okùn rán an pọ̀, igbá náà yóò sì tún wúlò. Abẹ́ ìjókòó rẹ̀ ni ajá rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti gé, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Obìnrin kan wà lódìkejì ọ̀nà tó máa ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé opó ọlọ́mọ kan. Ìyá mi kò bá a jà. Ó kàn sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, ó sì ń pè é sókè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nínú igbá kan tí òun fúnra rẹ̀ rán lójú mẹ́ta ni ajá náà ti ń jẹun.

Bí Tanímọ̀la ṣe dé ilé wa nìyí, fi etí sí i dáadáa, nítorí a máa padà débẹ̀. Ní agboolé ìyá mi, a kì í ra ọmọ ajá, a kì í sì í rán èèyàn lọ gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò fúnra rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ fún ìyá ajá náà ní àárọ̀ mẹ́ta, yóò sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ní àárọ̀ kẹta ni yóò tó gbé ọmọ. Àwa ọmọdé máa ń fi ṣe ẹ̀rín, a ń pè é ní ìdána ajá. N kò mọ̀ pé àwọn àgbà ń fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn wo nǹkan.

Nígbà tí mo dé Kútọnu, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni n kò fi wálé. Lónìí iṣẹ́ ni, lọ́la ọ̀rẹ́ ni, lọ́túnla ọmọge kan ni (màmá rẹ kọ́, má béèrè). Ọkọ̀ tí mo ń fi ọwọ́ ara mi tún ṣe ń lọ sí Parakou, èmi tí mo tún un ṣe ni kò lọ. Ìyá mi a máa rán àwọn awakọ̀ sí mi pé kí wọ́n bá òun wò ó bóyá mo ṣì ń mí. Ìtìjú mú mi. Lọ́jọ́ kan tí a gbowó oṣù, mo gba iwájú bútíìkì kan kọjá, mo sì rí ọmọ ajá kan nínú gíláàsì, irun rẹ̀ kún bí ti àgùntàn. Mo ní ọ̀nà àbáyọ dé. Màá ra èyí fún ìyá mi, kó má baà máa dá wà. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ tí o sọ sínú fóònù gan-an ni mo sọ?

Ọkùnrin tó ni bútíìkì náà kò jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun. Ó kàn gbé ọmọ ajá náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìran òyìnbó ni, ó ní gàràntí ni, ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti pé, ó sì fi ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kárínẹ́ hàn mí, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ ń kọjá lẹ́bàá etí mi, nítorí ọmọ ajá náà ti ki imú bọ abẹ́ apá mi, ó ti ń sùn. Mo sanwó, mo gbé e lọ.

Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo fi gbé páálí tí ọmọ ajá náà wà nínú rẹ̀ lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó sunkún ní Bohicon, ó sunkún ní Ìdàáṣà, nígbà tí a ó fi dé Ṣábẹ̀ẹ́ gbogbo èrò ọkọ̀ ti dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ìyá mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, igbá ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó wo páálí náà. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá báàgì aṣọ mi. N kò gbé báàgì kankan, nítorí lọ́jọ́ kejì ni mo máa padà.

Ó gbé ọmọ ajá náà jáde, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó wá bi mí pé ta ni ìyá rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni. Ó ní, "O kò rí i?" Mo ní rárá. Mo sọ fún un pé Bòbí ni wọ́n kọ sínú kárínẹ́, ó ní orúkọ yẹn kò rọ òun lẹ́nu, Àlejò ni òun yóò máa pè é. Tanímọ̀la gbóòórùn ọmọ náà, ó lá a lójú, ó sì jẹ́ kó sùn ti òun lábẹ́ ìjókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọkọ̀ padà, inú mi ń dùn pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ojú Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ipin. Ó ń wúkọ́, kò jẹun mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá mi gbé e sínú aṣọ ara rẹ̀ títí ọmọ ajá náà fi kú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Tanímọ̀la náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èmi wà ní Kútọnu, n kò mọ nǹkan kan. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin kan ló wá bá mi níbi iṣẹ́, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní ìyá mi rán òun. Ó ní, "Màmá ní kí n sọ fún ọ pé Àlejò ti lọ, ó sì mú onílé lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé mo délé. Ìyá mi jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ń rán igbá. Igbá ojú mẹ́ta yẹn ṣì wà lábẹ́ ìjókòó, ó sì ti bu oúnjẹ tuntun sínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, mo ní tóṣù bá parí màá ra òmíràn fún un, èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò gbójú sókè. Ó fi eyín já okùn, ó ní:

"Àkànní, ajá kọ́ ni mo ń retí."

Ó fi okùn tuntun sójú abẹ́rẹ́. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọdún kejì ló kú, láàárín ìgbà náà ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo wá wò ó. Mo ti kà á láìmọye ìgbà bóyá ó lè di márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni.

Inú bí mi nígbà tí mo padà sí Kútọnu, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ bínú sí ara mi, mo wá lọ bínú sí oníbútíìkì. Ó ní kí n mú òmíràn lọ. Inú àpótí kan náà ni òmíràn wà, ọ̀kan nínú wọn sì ń wúkọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí ibi tí mò ń lọ àfi tí mo bá rí ìyá ọmọ tó tà fún mi. Ó ní òun kọ́ lòun bí wọn, ó júwe àgbàlá kan ní ẹ̀yìn ìlú fún mi kí n lè kúrò níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo lọ. Wọ́n ti fi wáyà ṣe àgò sí ara ògiri, ìyá ajá kan nínú àgò kọ̀ọ̀kan. Ọmú wọn fà dé ilẹ̀, egungun ìhà wọn ṣeé kà. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ní bí wọ́n bá ti bímọ, tí ọmọ bá ti lajú tó sì lè rìn díẹ̀, wọ́n á kó o lọ sí bútíìkì, wọ́n á sì tún mú akọ wá. Kò sọ ọ́ bí ohun tó burú. Ìyá funfun kan wá síbi wáyà, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó gbóòórùn apá aṣọ mi títí. Bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń wá níbẹ̀, bóyá èmi ni mo kàn ń rò bẹ́ẹ̀. Mo sunkún nínú taasí, àgbàlagbà ọkùnrin, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ní báyìí, ìmọ̀ràn mi. Mo kọ nọ́ńbà sí i kí o lè rántí.

Èkíní. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Padà sí bútíìkì yẹn, má bínú, má pariwo, sọ gbólóhùn kan péré: "Ẹ mú mi lọ rí ìyá wọn." Kí o wá máa wo ojú wọn. Bí wọ́n bá ní ó jìnnà, ó wà lókè òkun, ó ti kú, kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, kí o máa lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta ajá ló burú. Ẹni tó bá mọ ìyá ajá tó ń tà, tó sì lè jẹ́ kí o jókòó tì í, bá a sọ̀rọ̀. Ìdí tí àwọn àgbà fi ní kí a gbé oúnjẹ lọ ní àárọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ìyá tí ebi ń pa, o máa rí i. Ìyá tó ń bu èèyàn jẹ, o máa rí i. Ìyá tó ń ṣàìsàn lónìí kò lè fi pamọ́ títí dọ̀túnla. Èmi tí mo fi ìdána ajá ṣe ẹ̀rín ni mo lọ fẹ́ láìmọ ilé.

Èkejì. Má gba òǹtẹ̀ gbọ́. Nígbà tó yá, mo mú kárínẹ́ Bòbí lọ fún dókítà ẹranko kan. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé yìí ti wí, wọ́n ti fún ajá yìí lábẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bí i. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ń kó ọmọ oríṣiríṣi ìyá láti ibi oríṣiríṣi sínú àpótí kan. Ọ̀kan tó bá ní àrùn yóò fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí o rà á, ara rẹ̀ yóò máa dán, nítorí àrùn náà ṣì ń fara pamọ́. Ilé rẹ ni yóò ti jáde, àwọn ajá àdúgbò rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Tanímọ̀la kò lọ sí bútíìkì kankan láyé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e lé ọ lọ́wọ́ kí o tó pinnu. Ẹni tí ọmọ ajá ti ń sùn lápá rẹ̀ kò lè ronú mọ́, àwọn tó ń tà á sì mọ̀. Wò ó láti òkèèrè, padà sílé, sun oorun ọjọ́ méjì lé e lórí.

Ẹ̀kẹrin. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ajá wọ̀nyí mu ọmú tó. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣeré láìbu èèyàn jẹ, àti pé a kì í yàgbẹ́ síbi tí a ń sùn. Èyí tó dàgbà nínú àpótí, ibo ni yóò yà á sí? Inú àpótí náà ni. O máa mú un délé, o máa nà án nítorí ohun tí kò sẹ́ni tó fi kọ́ ajá náà. Ìwọ tí n kò lè mú kí o tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ṣé ìwọ lo máa ní sùúrù yẹn?

Ó yẹ kí èyí jẹ́ ẹ̀karùn-ún. Irun tó kún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Tí oṣù kẹta bá dé ní Parakou, èmi tí n kò ní irun lórí mọ́ gan-an ń wá ibòòji kiri. Kí ni ajá onírun àgùntàn fẹ́ ṣe?

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní àánú àwọn méjì inú gíláàsì yẹn ń ṣe ọ́. Ó ń ṣe èmi náà, mo ti wo fọ́tò náà títí ojú fi ń ta mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá kó wọn jáde, wọn yóò ránṣẹ́ sí àgbàlá fún méjì mìíràn, wọn yóò sì mú akọ lọ bá ìyá wọn. Àánú tí a fi owó ṣe níbẹ̀, ìyá wọn ló ń san án. Bí ó bá dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ kí àwọn náà má rà níbẹ̀.

Ohun kan tún kù, mi ò fi nọ́ńbà sí i. O ní ilé rẹ dákẹ́ jù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni o ń gun ọ̀kadà zẹ́mì jáde, alẹ́ ni o ń wọlé. Bí o bá ti ajá mọ́lé láti àárọ̀ dálẹ́, o ti fa ẹlòmíràn wọ inú ìdákẹ́jẹ́ rẹ nìyẹn. Kọ́kọ́ mọ aládùúgbò. Béèrè bóyá obìnrin kan wà nínú ọgbà tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án, tó lè bá ọ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí o bá ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o rí i pé ilé rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fọwọ́ sí ajá. N kò sọ pé kí o má ní ajá.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ṣé o rántí Sàbí, ará Bàrùbá tó ń mọlé, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa? Ajá rẹ̀ ti bímọ, márùn-ún ni. Ìyá wọn pupa, ẹsẹ̀ kan funfun, kì í gbó mọ́ ẹni tó bá kí Sàbí dáadáa. Mo ti ń gbé oúnjẹ lọ fún un láràárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní àmì funfun níparí ìrù, orí bàtà mi ló máa ń wá sùn sí bí mo bá jókòó. Dókítà ẹranko yóò wá fún wọn lábẹ́rẹ́ nígbà tí ọjọ́ orí wọn bá tó, ojú mi ni yóò sì ti kọ ọ́ sínú kárínẹ́. Mo bẹ Sàbí pé kó fi èyí tó ní àmì nírù sílẹ̀ fún ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Ìyábọ̀, tí wọ́n bá ti pé oṣù méjì, mo lè fi í rán bọ́ọ̀sì Kútọnu. Àwọn dẹrẹ́bà mọ̀ mí."

Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé ìdána ajá fún un, pé ẹni tó fẹ́ ẹ ni yóò gbé oúnjẹ wá, àárọ̀ mẹ́ta, lójú ìyá rẹ̀. Sàbí ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti gbé oúnjẹ wá, ó ti ju àárọ̀ mẹ́ta lọ, ṣé tiyín kò tó ni?" Mo ní tèmi kò kà. Láti ìgbà náà kò tún dárúkọ bọ́ọ̀sì mọ́. Mo rò pé ó yé e.

Ó yẹ kó yé ìwọ náà. Bọ́ọ̀sì lè gbé ajá náà wá fún ọ ní ọjọ́ kan, n kò ní purọ́ fún ọ. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo ń wá. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mo wá igbá ojú mẹ́ta yẹn jáde lórí àjà, okùn ìyá mi kò tíì já ní ibì kankan. Inú rẹ̀ ni o máa fi gbé oúnjẹ lọ fún ajá Sàbí. Nírọ̀lẹ́, a ó jókòó síta, o máa sọ fún mi nípa bùrò rẹ, èmi náà yóò máa dá ọ dúró lórí ọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, o máa bínú díẹ̀, o máa tún sọ ọ́.

Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí o wá, n kò ní bínú. Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń mú èèyàn, mo sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi iṣẹ́ ṣe àwáwí. Wọ́n ní ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè mi nìyí, mo ti fọn ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí o kò bá lè wá, má rán ajá wá dípò ara rẹ. Orí ìjókòó ìyá mi ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, láti ibẹ̀ èèyàn lè rí ọ̀nà títí dé ibi tó ti yà. N kò mọ̀ pé ibi tó ń wò nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó fi ń rán igbá.

Ìyábọ̀, ìyá mi, ajá kọ́ ni mo ń retí.

Bàbá rẹ.